Kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀: bí a ṣe ń ra òmìnira ara ẹni

Ní ọdún tó kọjá, oníbàárà mi kan tó ń ránṣọ ní Mọ̀kọ́lá, n'Ìbàdàn, pè mí síbi fírídọ́ọ̀mù ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà wọ aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ọ̀gá rẹ̀ gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ó gbàdúrà fún un, gbogbo wa ṣe àmín. Ìyá ọmọ ń fi ìborùn nu ojú.

Ó ti pẹ́ tí fírídọ́ọ̀mù ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ di ẹni ara rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ náà gba òmìnira. Ó ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ, owó díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà mẹ́rin ti ń retí rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti san owó ṣọ́ọ̀bù oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Àwa tá a jókòó sí ọ́fíìsì ńkọ́? Inú á bí wa lọ́jọ́ Ajé, a ó kọ lẹ́tà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta, a ti ń wá ẹni tó máa bá wa sọ̀rọ̀ níbòmíràn.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Mo lo ọdún mẹ́fà ní ilé iṣẹ́ kan l'Èkó, Mowé ni mo ń gbé nígbà yẹn. Ìparí oṣù Kẹta ọdún 2023 ni mo kúrò. Láti ìgbà náà, mò ń bá àwọn ilé ìtajà kéékèèké, àwọn olóko adìyẹ àti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tọ́jú ìwé owó wọn. Oṣù kan wà tí owó tó ń wọlé ju ti ọ́fíìsì lọ, oṣù mìíràn wà tí kò tó o rárá. Mi ò ní fi pààrọ̀. Àwọn ìgbésẹ̀ tí mo gbé nìyí, àti àwọn tó yẹ kí n gbé tí n kò gbé.

1. Ẹ ṣírò ohun tí owó oṣù yín jẹ́ gan-an

Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ iye tí àlẹ́ẹ̀tì ìparí oṣù ń mú wá. Ẹ yọ owó ọkọ̀, ẹ yọ owó oúnjẹ ọ̀sán, ẹ yọ owó aṣọ tí ẹ ń rà torí ọ́fíìsì nìkan. Lẹ́yìn náà ẹ ka wákàtí. Ìgbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ilé lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá débi iṣẹ́.

Tèmi rèé ní ọdún 2022. Owó oṣù mi jẹ́ ₦185,000. Láti Mowé dé Erékùṣù Èkó, àlọ àtàbọ̀, ₦2,000 ni lóòjọ́; ọjọ́ méjìlélógún lóṣù sọ ọ́ di ₦44,000. Oúnjẹ ọ̀sán ₦1,000 lóòjọ́, ó di ₦22,000. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ ni ₦119,000. Agogo márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde, agogo méje alẹ́ ni mo ń wọlé bí Bẹ́gà kò bá dí. Wákàtí mẹ́rìnlá lóòjọ́ nìyẹn, 308 lóṣù. Ẹ fi 308 pín ₦119,000, ₦386 ni wákàtí kan. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì torí mo rò pé mo ṣì í ni. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Ojú oorun ni mo ń fi í sí láàárọ̀, ojú oorun náà ni mo ń bá a lálẹ́.

Ẹ má dúró níbẹ̀ o. Owó oṣù ní ìrù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ ọn. Bí ilé iṣẹ́ yín bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè, òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ìdá mẹ́jọ tí wọ́n ń yọ lára owó yín. Kádì ilé ìwòsàn lè wà níbẹ̀, fún ẹ̀yin àti àwọn ọmọ. Ìsinmi ọdọọdún tí wọ́n ń sanwó fún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ibà bá dá yín dùbúlẹ̀, owó ọjọ́ náà kò yingin. Gbogbo rẹ̀ ni yóò já lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ fi iye sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó tún padà bá wọn níbi tí a ó ti díye lé iṣẹ́.

Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń lo òògùn olówó ńlá tó jẹ́ pé kádì iṣẹ́ yín ló ń san án, tàbí tí owó ilé ìwé àwọn ọmọ ku oṣù méjì tí kò sì sí nílẹ̀, ẹ má tíì kúrò. Ẹ dúró síbi iṣẹ́ yín, kí ẹ máa fi sùúrù ṣe àwọn ìgbésẹ̀ tó kù. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ kò tíì pàdánù ohunkóhun.

2. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi àkókò náà ṣe

Bó bá jẹ́ ọ̀gá burúkú nìkan lẹ fẹ́ sá fún, ibi iṣẹ́ mìíràn lẹ ń wá, ẹ sì lè rí i láìfi owó oṣù sílẹ̀. Ohun méjì ni mo kọ: kí n wà nílé bí ọmọ mi bá ti ilé ìwé dé, kí n sì lè máa mú ìyá mi lọ fún ìtọ́jú ojú ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí iṣẹ́ olówó gidi bá dé tó máa gba ọ̀sán mi, mo máa ń ṣí ojú ìwé yẹn wò kí n tó dáhùn.

3. Ẹ ní oníbàárà méjì lọ́wọ́ kí ẹ tó kọ lẹ́tà

Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Obìnrin kan tó ń ta òògùn ní Ìbàfò ni oníbàárà mi àkọ́kọ́. Inú ìwé 2A ẹlẹ́yìn líle ló ń kọ ọjà sí. Ìdí ìwé náà ni gbèsè wà: Ìyá onírẹsì, ₦1,200. Ààfáà òkè, ₦3,500. Bọ̀dá fọganáísà, ₦800, wọ́n ti san ₦300. Mo jókòó lórí àpótí lẹ́yìn káńtà, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo fi iye tó jẹ́ hàn án, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin, ẹni yẹn sì pè mí.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ra ìmọ̀ ìṣirò mi. Ohun tí wọ́n ra ni pé mo bá wọn rí owó tó ń sọnù. Nítorí náà, ẹ wá gbólóhùn kan tó sọ ìnira tí ẹ ń gbé kúrò lọ́rùn ènìyàn. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ń gbà yín lọ́wọ́ ẹran tó máa bàjẹ́. Ẹni tó ń ya fọ́tò ọjà ń bá oníṣòwò ta ọjà fún ẹni tí kò lè wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra ní ibùdókọ̀, kò tíì yé ẹ̀yin fúnra yín.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe lásìkò yìí. Ẹ ka ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́, nítorí ilé iṣẹ́ mìíràn kò gbà kí òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹ má lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tàbí àkókò ọ́fíìsì. Ẹ má sì fọwọ́ kan oníbàárà ọ̀gá yín. Ohun tí ènìyàn bá fi jíjí bẹ̀rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ lórí ẹ̀.

Bí ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ bá ní kí ẹ bá òun ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sọ iye tó yẹ kó san fún un, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ bá a yọ àti ìgbà tí ẹ̀dínwó náà máa parí. Iṣẹ́ tí ẹ bá fi ọdún kan ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣòro kí ẹni náà tó gbà pé ó ní iye.

4. Ẹ kó owó "rárá" jọ

Orúkọ tí èmi fún un nìyẹn. Òun ni owó tó máa jẹ́ kí ẹ lè la ẹnu sọ pé rárá, ẹ ò ṣe, fún ẹni tó ń fi iye tó wálẹ̀ jù bá yín nájà. Ẹni tí kò ní in yóò gba iṣẹ́kíṣẹ́, ní iyekíye, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni náà kò tíì bọ́ lóko ọ̀gá, ó kàn ti di ẹni tí gbogbo ìlú ń rán níṣẹ́ ni.

Ẹ fi oṣù mẹ́ta kọ gbogbo ohun tí ẹ ná sílẹ̀, títí kan owó súyà. Ẹ wá iye tí oṣù kan ń ná yín. Bí ẹ bá ti ní oníbàárà méjì, ẹ kó ti oṣù mẹ́fà jọ. Bí ẹ kò bá ní ẹnì kankan, ti ọdún kan ni o.

Ìpín tèmi nínú ìnáwó ilé nígbà yẹn jẹ́ ₦80,000 lóṣù. Mo ń dá ₦20,000 lóṣooṣù sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan, ọdún méjì gbáko, ó di ₦480,000. Oṣù mẹ́fà pé géẹ́. Mo kúrò lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí a ń rà ní ohun tí kò tó ₦200 lítà kan kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọkọ̀ gbówó lórí, tòmátì gbówó lórí, ₦80,000 mi di ₦120,000, oṣù mẹ́fà mi sì di mẹ́rin lójú mi kòrókòró. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ènìyàn má ka owó yìí ní náírà nìkan, oṣù ni kó máa kà. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń bi ara mi pé, "Oṣù mélòó ló kù nílẹ̀?" Bí ẹ bá sì lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra ohun èèlò iṣẹ́ tí ẹ máa nílò dandan kó tó tún wọ́n, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ra bátìrì kọ̀ǹpútà mi ṣáájú kí n tó kúrò, mo sì dúpẹ́ pé mo rà á.

Àjọ ojoojúmọ́ dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé owó. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo owó "rárá" sọ́wọ́ alájọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú àwọn èèyàn wa ti rí lọ́wọ́ alájọ tó sá lọ.

5. Ẹ fi ọ̀wọ̀ kúrò

Ẹ wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín fún iye ọjọ́ tó yẹ kí ẹ fi sọ tẹ́lẹ̀. Bí ìwé náà kò bá sọ nǹkan kan, òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ìwọ̀n tirẹ̀: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún sókè. Lẹ́tà tèmi kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Mo kọ ọjọ́ tí mo máa ṣíwọ́, mo dúpẹ́, mo sọ ẹni tí mo máa gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó ń bí mi nínú fún ọdún mẹ́fà, mi ò kọ ìkankan síbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ọ̀gá mi àtijọ́ ló fi mí mọ ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ oníbàárà mi títí dòní.

Kí ẹ tó dá káàdì ẹnu ọ̀nà wọn padà, ẹ gba nọ́ńbà àkáùǹtì ìfẹ̀yìntì yín, ẹ gba ẹ̀rí owó orí tí wọ́n ti yọ, ẹ gba lẹ́tà tó sọ iye ọdún tí ẹ lò.

Nípa owó ìfẹ̀yìntì: bí ẹ kò bá tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí ẹ ò ríṣẹ́ mìíràn, òfin gbà kí ẹ gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àkáùǹtì náà. Mi ò fọwọ́ kan tèmi, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má kà á mọ́ owó "rárá". Láti ọdún 2019 ni ètò ìfẹ̀yìntì ti wà fún àwa tí a ń dá ṣiṣẹ́, tí ènìyàn lè máa san ohun tí agbára rẹ̀ ká, nígbà tó bá rí i. Ohun kékeré lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀.

Nípa ìlera: ẹ má jẹ́ kí kádì ilé iṣẹ́ kú kí ẹ tó wá òmíràn. Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní ètò tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi owó ara rẹ̀ wọ̀, bíi Ìlera Èkó l'Èkó àti OYSHIA ní Ọ̀yọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń san án. Iye rẹ̀ kò tó ohun tí ibà líle kan máa gbà lọ́wọ́ yín ní ilé ìwòsàn aládàáni.

6. Ẹ díye lé iṣẹ́ yín bó ṣe yẹ

Ibí yìí ni àwa tá a ti iṣẹ́ olóṣù wá ti ń pa ara wa lára. Ẹni tó ń gba ₦185,000 tẹ́lẹ̀ á fi 22 pín in, á rí ₦8,400 àti díẹ̀, á ní iye ọjọ́ kan òun nìyẹn. Ó ti gbàgbé ìrù owó oṣù tí a kọ sílẹ̀ níṣàájú. Ó tún gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ẹnì kan máa sanwó fún un.

Ẹ ṣe é báyìí. Ká sọ pé ilé ń ná ₦180,000 lóṣù, ó di ₦2,160,000 lọ́dún. Dátà, epo jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà, ọkọ̀, bébà, àtúnṣe ẹ̀rọ: ₦600,000 lọ́dún. Owó orí, ìfẹ̀yìntì àti ìlera: ₦540,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,300,000. Ẹ wá ka ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjìdínláàádọ́ta, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọjọ́ 240 nìyẹn. Ìdajì nínú rẹ̀ yóò lọ sórí wíwá iṣẹ́, lílọ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, bíbéèrè owó, dídúró de iná. Ìdajì tó kù, ọjọ́ 120, nìkan ni ẹ máa rí owó gbà lé lórí. Ẹ fi 120 pín ₦3,300,000, iye ọjọ́ kan yín ni ₦27,500. Iṣẹ́ tó máa gba ọjọ́ méjì kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ₦55,000 lọ.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí iye tèmi. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa san án. Àwọn kan kò san án lóòótọ́, wọ́n lọ. Àwọn tó dúró ni àwọn tí ọ̀rọ̀ owó wọn ká lára, wọn kì í sì í yọ mí lẹ́nu. Ẹ má sọ iye ọjọ́ fún oníbàárà. Iye odindi iṣẹ́ ni kí ẹ sọ. Bí ó bá ní kí ẹ dín in kù, ẹ má kàn dín owó, ẹ dín iṣẹ́ pẹ̀lú: "Ẹ máa san ₦40,000, mà, ṣùgbọ́n màá ṣe ti ọjà nìkan, mi ò ní fọwọ́ kan ti gbèsè."

7. Ẹ gba àsansílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìyókù láìtijú

Ìdajì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìyókù kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Oníránṣọ ń gba àsansílẹ̀, káfíńtà ń gba àsansílẹ̀, kò yẹ kó ti àwa onítáì lójú. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ lórí WhatsApp ó kéré tán: ohun tí ẹ máa ṣe, ìgbà tó máa parí, iye rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa san. Kí oníbàárà fèsì pé òun gbà, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ní ti owó tó bá pẹ́, ohun tí mo máa ń kọ nìyí, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí ọjọ́ Ajé orí wọn gbóná: "Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ẹ kú ìmúra ọjà. Ìwé owó oṣù Kẹfà ti parí, ó wà lọ́wọ́ mi. Ìyókù ₦27,500 ni mò ń retí kí n lè fi ránṣẹ́. Ṣé kí n máa retí rẹ̀ lónìí tàbí lọ́la?" Mi ò kọ ẹjọ́ sínú ẹ̀, mi ò sì sọ pé ara ń ni mí. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo ṣì ń kọ "ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti rí i", ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi máa ń rí i.

8. Ẹ máa san owó oṣù fún ara yín

Ẹ ya àkáùǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀ sí ti ilé. Bí ẹ bá forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ lè ṣí àkáùǹtì lórúkọ náà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ ńlá sì máa ń béèrè ìwé yẹn. Bí àlẹ́ẹ̀tì bá wọlé, mo máa ń pín in lọ́jọ́ náà gan-an: nínú ₦10,000, ₦6,500 fún ilé, ₦1,900 fún iṣẹ́, ₦1,600 fún owó orí, ìfẹ̀yìntì àti ìlera. Ọjọ́ 28 oṣù ni mo ń san iye kan náà fún ara mi láti inú ti ilé. Bí ó bá ṣẹ́kù, ó wà níbẹ̀ de oṣù tí ọjà bá dá. Oṣù tó mú owó wọlé jù kọ́ ni oṣù tí a ń ra tẹlifíṣọ̀n.

Owó orí kò le bí ẹ bá ń kọ nǹkan sílẹ̀. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2026 kò gba nǹkan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè yín lọ́dún. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìnáwó iṣẹ́ ṣeé yọ kúrò. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ẹ ń san lọ́dún náà ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ sọ ohun tí ẹ rí fún ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ yín kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó kọjá. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, ti epo pàápàá. Ẹ̀rí owó orí yẹn wúlò lọ́jọ́ tí onílé bá béèrè pé ibo lẹ ń ṣiṣẹ́, tàbí tí ẹ bá fẹ́ gba físà.

9. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀gá tuntun

Ní ọdún 2024, oníbàárà kan gbé iṣẹ́ ńlá fún mi. Inú mi dùn. Kò pẹ́ tó fi di pé ìdá méje nínú mẹ́wàá owó mi ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní agogo méje àárọ̀. Ó ní kí n máa wá sí ìpàdé ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ kan tí mo wà pẹ̀lú ìyá mi lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ó pè lẹ́ẹ̀mẹfà, mo dìde síta lọ gbé e, nígbà tí mo fi máa padà wọlé wọ́n ti pe orúkọ ìyá mi kọjá. A tún dúró fún wákàtí méjì. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn di ọwọ́ mi mú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni owó oṣù mẹ́ta há sí ọ̀dọ̀ oníbàárà yẹn.

Láti ìgbà náà, oníbàárà kankan kì í kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó mi lọ. Bí ẹnì kan bá ti ń sún mọ́ ọn, èmi á tètè wá ẹlòmíràn kún un. Mo sọ àkókò tí mo máa ń gbé fóònù fún gbogbo wọn látìbẹ̀rẹ̀, mo sì mú un dúró.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ńkọ́? Wọ́n á rí yín nílé lọ́sàn-án, wọ́n á ní, "Ṣebí o ò ṣe nǹkan kan, bá mi lọ síbì kan." Ẹ fi tìfẹ́tìfẹ́ dá wọn lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di agogo méjì, ẹ jẹ́ kí n wá bá yín lẹ́yìn ìyẹn." Ẹ sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń pẹ́ kó tó yé wọn, ṣùgbọ́n ó ń yé wọn.

10. Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ olóṣù

Ẹ yan iye kan sílẹ̀ nígbà tí ara yín ṣì balẹ̀. Tèmi ni oṣù méjì: bí owó "rárá" bá ti wálẹ̀ dé ti oṣù méjì, mo máa wá iṣẹ́ olóṣù tó ní ọjọ́ òpin, kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Ìgbà tí oníbàárà yẹn há owó mi mọ́lẹ̀, ó dé bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Ring Road ń wá ẹni tó máa bá wọn tún ìwé owó wọn tò. Mo fọwọ́ sí i fún oṣù mẹ́ta péré, mo fi bírò pupa yí ọjọ́ tó máa parí ká lára kàlẹ́ńdà tó wà ní ilé ìdáná. Mo lọ láàárọ̀, mo bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n dúró, wọ́n tilẹ̀ fi owó kún un. Lọ́jọ́ tó pé, owó oṣù márùn-ún ti wà nílẹ̀. Mo dá kọ́kọ́rọ́ wọn padà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì kọjá sí ilé ìwé lọ mú ọmọ mi.